ORÚKỌ 894: BÍ ÈBÓLÀ ỌDÚN 2014 ṢE BÍ ÈTÒ KỌ̀ǸPÚTÀ TÓ Ń ṢỌ́ ÀJÀKÁLẸ̀ ÀRÙN

Ọ̀rọ̀ ìlera tòní gùn díẹ̀, torí náà ẹni tó bá gbé ọbẹ̀ ka iná, kó kọ́kọ́ sọ ọ́ kalẹ̀ ná.

Ẹnìkan nínú yín bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kí ni kọ̀ǹpútà wá ṣe nínú ọ̀rọ̀ àìsàn, pé ṣé kọ̀ǹpútà ń fúnni lábẹ́rẹ́ ni? Ìbéèrè náà dára. Ìtàn ni mo fẹ́ fi dá a lóhùn, torí pé gbogbo wa la wà níbẹ̀ nígbà tó ṣẹlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ wa ò mọ ohun tí à ń wò.

*Ṣé ẹ rántí òru omi iyọ̀?*

Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ ọdún 2014 ni. Nǹkan bí aago mẹ́ta òru ni fóònù mi dún. Àǹtí mi ni. Wọn ò kí mi, wọ́n kàn ní, "Dìde! Bu iyọ̀ sínú omi gbígbóná, fi wẹ̀, kí o sì mu díẹ̀ níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Èbólà ti wọ̀lú." Mo bi wọ́n pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní wọ́n rí i lórí WhatsApp ni. Mi ò ní parọ́ fún yín: mo dìde, mo sì wẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ilé tí iyọ̀ ṣẹ́ kù nínú agolo wọn ní àdúgbò wa kò pọ̀. Àwọn mìíràn ní orógbó ni, wọ́n ń jẹ ẹ́ bí ẹní jẹ ẹ̀pà. Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) sọ ọ́ lóṣù kẹjọ yẹn kan náà pé ó kéré tán, ènìyàn méjì ló kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu. Ẹ fi èyí sọ́kàn. Ènìyàn mẹ́jọ péré ni Èbólà fúnra rẹ̀ pa ní Nàìjíríà. Iyọ̀ tí kò ní kòkòrò kankan nínú pa méjì.

Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé fóònù ni nǹkan bàjẹ́ lé lórí lóru ọjọ́ yẹn, kí ẹ tó gbọ́ bó ṣe jẹ́ pé fóònù náà wà lára ohun tó kó wa yọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún 2014, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Patrick Sawyer, ọmọ Làìbéríà tó tún jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, wọ bàlúù láti Monrovia, ó gba Lomé ní Tógò kọjá, ó sì balẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ní Ìkejà. Ìpàdé ECOWAS ló ń lọ ní Calabar. Kò dé Calabar. Àìsàn ti wà lára rẹ̀ nínú bàlúù, ó sì ṣubú ní pápákọ̀. Àwọn dókítà ilé ìwòsàn ìjọba wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì lákòókò náà, ni wọ́n bá gbé e lọ sí First Consultants, ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ọbáléndé. Ibà ni wọ́n kọ́kọ́ ń tọ́jú, nítorí ibà ni gbogbo àìsàn máa ń jọ nílẹ̀ yìí. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh yẹ̀ ẹ́ wò ní ọjọ́ kejì, ó sì fura. (Ọmọ-ọmọ-ọmọ Herbert Macaulay ni màmá yìí, fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ìtàn Èkó.) Wọ́n fúngun mọ́ ọn pé kó jẹ́ kí ọkùnrin náà máa lọ, ó fàáké kọ́rí. Sawyer kú ní ọjọ́ 25 oṣù keje. Adadevoh fúnra rẹ̀ kó àrùn náà, ó sì kú ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ.

Ibẹ̀ ni ìtàn yìí máa ń parí sí lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó sì tọ́ ká máa dárúkọ obìnrin yẹn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

Èbólà ní ìwà kan tó ṣe é mú. Ẹni tó bá kó o lè lò tó ọjọ́ 21 kí ara rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí gbóná, kì í sì í ran ẹlòmíràn kí àmì àìsàn tó yọ lára rẹ̀. Nítorí náà, tí a bá mọ gbogbo ẹni tó fara kan aláìsàn, tí a ń lọ wọn ìgbóná ara wọn lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 21, tí a sì gbé ẹni tí ara rẹ̀ bá gbóná lọ sí ibùdó ìyàsọ́tọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, àrùn náà kò ní rí ibi gbà. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára tí a lè gbà nígbà yẹn. Kò sí oògùn tí wọ́n ti fọwọ́ sí. Ìwé orúkọ ni oògùn wa.

Ìwé orúkọ náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó bá Sawyer pàdé ní pápákọ̀ àti ní ilé ìwòsàn. Kí ó tó parí, ó di orúkọ 894. Àwọn tó ń tọpasẹ̀ wọn ṣe àbẹ̀wò ojúkojú tó nǹkan bí 18,500. Ẹ rò ó wò: 894 lọ́nà 21, ẹ ó rí i pé wọn ò fẹ́rẹ̀ẹ́ fo ọjọ́ kankan.

Èkó ni wọ́n ti ṣe èyí o. Kì í ṣe abúlé tí baálẹ̀ mọ orúkọ gbogbo ọmọ tó wà níbẹ̀.

Ìwé àti bírò ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ wo bí yóò ṣe rí. Òṣìṣẹ́ kan mú fọ́ọ̀mù láàárọ̀, ó lọ sí Àjégúnlẹ̀, ó wọn ìgbóná ara ènìyàn mẹ́wàá, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó wá dúró nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ padà sí Yàbá. Ẹlòmíràn jókòó síbẹ̀ tó ń tẹ ohun tí wọ́n kọ sínú kọ̀ǹpútà. Ilẹ̀ ti ṣú. Tó bá jẹ́ pé ara ẹnìkan gbóná ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ọ̀gá tí yóò rán ọkọ̀ lọ gbé e lè má mọ̀ títí di alẹ́, tàbí ọjọ́ kejì.

Ọ̀rọ̀ orúkọ wá ńkọ́? Ẹnìkan ń jẹ́ Olúwaṣeun. Ó kọ "Seun" fún ẹni àkọ́kọ́ tó béèrè. Ìyàwó rẹ̀ ní "Oluwaseun" fún ẹni kejì. Ní ibi iṣẹ́ rẹ̀, orúkọ àbísọ mìíràn ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Ènìyàn kan ti di mẹ́ta nínú ìwé, àwọn mẹ́ta yóò sì máa wá ilé rẹ̀ kiri, nígbà tí ẹni tó yẹ kí wọ́n wá gan-an kò ní alábẹ̀wò. Àdírẹ́sì náà ń kọ́? "Ilé aláwọ̀ ewé tó kọjú sí mọ́ṣáláṣí, ẹ bèèrè Ìyá Rísí." Gbogbo wa la mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ la ṣe ń júwe ilé.

Àmọ́ a rí ojú àánú níbì kan. Láti ọdún 2012 ni Nàìjíríà ti dá ibùdó ìdarí pàjáwìrì sílẹ̀ fún àrùn rọpárọsẹ̀, níbi tí gbogbo àwọn tọ́rọ̀ kàn ti ń jókòó yí tábìlì kan ká. Nígbà tí Èbólà dé, ètò yẹn ni wọ́n mú wá sí Èkó, àwọn kan tó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sì bá a wá. Dókítà Faisal Shuaib ni wọ́n fi ṣe olùdarí. Ẹnìkan ṣoṣo ló ń darí, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló sì mọ iṣẹ́ tirẹ̀: àwọn tó ń tọpasẹ̀ ènìyàn, àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn, àwọn láàbù, àwọn tó ń bá ará ìlú sọ̀rọ̀, àwọn tó wà ní ẹnubodè.

Ọ̀nà ìṣètò yìí kì í ṣe ti dókítà láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn panápaná ló ni ín. Ní ọdún 1970, iná jó igbó ní gúúsù California ní Amẹ́ríkà fún ọjọ́ 13, ènìyàn 16 sì kú. Panápaná pọ̀ níbẹ̀ lọ láìlóǹkà. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ìjọba àpapọ̀ ní tirẹ̀, ìpínlẹ̀ ní tirẹ̀, ìlú kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Rédíò wọn ò bára mu, orúkọ tí wọ́n ń pe nǹkan ò bára mu, kò sì sí ẹni tó mọ ẹni tó jẹ́ ọ̀gá níbi iná. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jókòó ṣe ìlànà kan tí gbogbo wọn yóò máa tẹ̀lé. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, ní New York, àwọn ọlọ́pàá tó wà nínú hẹlikópítà kéde lórí rédíò tiwọn pé ilé gogoro náà fẹ́ wó. Àwọn panápaná tó wà nínú ilé kò gbọ́, torí pé rédíò tiwọn yàtọ̀. Panápaná 343 ló kú lọ́jọ́ náà. Mi ò sọ pé rédíò nìkan ló pa wọ́n. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ wà lójú ọ̀run, àwọn tó nílò rẹ̀ kò sì rí i gbà.

Ohun tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pè ní àjọgbọ́ láàrin ètò kan àti èkejì nìyẹn. Kí rédíò ọlọ́pàá àti ti panápaná gbọ́ èdè ara wọn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí Yàbá. Láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n gbé fóònù Android lé àwọn atọpasẹ̀ lọ́wọ́. Ètò kan tó ń jẹ́ Open Data Kit ló wà lórí rẹ̀, èyí tí àwọn ará Yunifásítì Washington ṣe tí ẹnikẹ́ni lè lò lọ́fẹ̀ẹ́. Alábẹ̀wò yóò dé ilé Ìyá Rísí, yóò tẹ ìgbóná ara sínú fóònù, fóònù náà yóò sì kọ ibi tí ó wà lórí ilẹ̀ ayé sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀gá ní Yàbá ń wo àwòrán ilẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ó ń rí i bí àbẹ̀wò ṣe ń wọlé. Ohun méjì ni èyí yanjú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àkọ́kọ́, ilé aláwọ̀ ewé ti ní àdírẹ́sì tí ẹnikẹ́ni lè tún rí lọ́la. Èkejì, òṣìṣẹ́ tó bá jókòó sí ilé ìyàwó rẹ̀ tó ń kọ "ara rẹ̀ tutù" fún ènìyàn mẹ́wàá kò lè fara pamọ́ mọ́. (Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ mọ̀ pé ó ń ṣẹlẹ̀.)

Ẹ wo ohun tí ẹnìkan tó bá bọ́ kúrò nínú ìwé lè fà. Òṣìṣẹ́ ECOWAS kan tó ti bá Sawyer pàdé wà lára àwọn tó yẹ kí wọ́n máa ṣọ́. Ó yọ́ lọ sí Port Harcourt. Dókítà kan tọ́jú rẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì níbẹ̀. Ara òṣìṣẹ́ náà yá. Dókítà náà kú. Ṣùgbọ́n kó tó kú, ó ti bá aláìsàn, ẹbí àti ọ̀rẹ́ pàdé, débi pé àwọn tí wọ́n wá ń ṣọ́ ní Port Harcourt ju 500 lọ. Ó ju ìdajì gbogbo 894 yẹn lọ. Orúkọ kan ṣoṣo tó jáde kúrò lójú ìwé ló fa gbogbo rẹ̀.

Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún 2014, WHO kéde pé Èbólà ti kúrò ní Nàìjíríà. Ènìyàn 20 ló kó o, 8 kú, 12 yè. Gbogbo ayé pàtẹ́wọ́ fún wa, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ṣiṣẹ́ náà mọ ohun tó ṣẹ́ kù. Fóònù atọpasẹ̀ kò bá kọ̀ǹpútà láàbù sọ̀rọ̀. Láàbù wà ní Ìdí-Àràbà, ní ilé ìwòsàn yunifásítì. Ibùdó ìyàsọ́tọ̀ wà ní Yàbá. Ìwé orúkọ wà níbi mìíràn. Bí èsì bá jáde pé ẹnìkan ní Èbólà, ènìyàn ló gbọ́dọ̀ pe ènìyàn, kí ẹlòmíràn tó lọ wá orúkọ rẹ̀ nínú ìwé, kí wọ́n tó lè sọ pé, "Ó dáa, ta ló bá a jẹun?" Wọ́n ṣe é, torí pé ènìyàn 20 ni. Ká ní 2,000 ni ńkọ́?

*Ibi tí SORMAS ti wá*

Àwọn ará ilé wa tó ti wà nínú iṣẹ́ Èbólà yẹn àti àwọn onímọ̀ àjàkálẹ̀ àrùn láti ilé ìwádìí Helmholtz ní ìlú Braunschweig ní Jámánì, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Gérard Krause ṣáájú wọn, ni wọ́n jọ jókòó tí wọ́n ní ká ṣe ètò kan tí gbogbo iṣẹ́ náà yóò wà nínú rẹ̀. Wọ́n pè é ní SORMAS. Ìkékúrú orúkọ gígùn kan ni, tó túmọ̀ sí ètò ìṣọ́ àrùn àti ìdarí iṣẹ́ nígbà tí àrùn bá bẹ́ sílẹ̀. Ẹ má ṣe gbàgbé apá tiwa níbẹ̀ o. Mo máa ń gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ pé òyìnbó ló gbé e wá fún wa. Bí iṣẹ́ ṣe ń lọ ní Èkó ni wọ́n fi ya àwòrán rẹ̀.

Oṣù keje sí oṣù kẹjọ ọdún 2015 ni wọ́n dán an wò, ní ìpínlẹ̀ méjì: Kano àti Ọ̀yọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀yọ́ tiwa yìí. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera gba fóònù, wọ́n ń fi ìròyìn àrùn ránṣẹ́. Ètò náà ń ṣiṣẹ́ níbi tí kò sí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, yóò tọ́jú ohun tí o kọ sínú fóònù títí tí o ó fi dé ibi tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì wà. Ẹni tó bá mọ ojú ọ̀nà Òkè-Ògùn mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn.

Lẹ́yìn ìdánwò yẹn, wọ́n tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ lọ́nà tí ẹnikẹ́ni fi lè rí bí wọ́n ṣe kọ ọ́, kí orílẹ̀-èdè kankan má bàa sanwó ìwé àṣẹ fún ilé-iṣẹ́ kan títí ayé. Oṣù kọkànlá ọdún 2017 ni àjọ NCDC, tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn ní Nàìjíríà, gbé e jáde fún iṣẹ́ gidi nígbà tí monkeypox ń jà. Kò pẹ́ tí ibà Lassa àti yírunyírun fi bá a pàdé ní ọdún 2018, tí àrùn mẹ́ta ń jà lẹ́ẹ̀kan náà.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé, kò le. Òṣìṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kọ aláìsàn kan sínú ètò náà. Aláìsàn gba nọ́ńbà tirẹ̀, kì í ṣe orúkọ nìkan, kí Seun mẹ́ta má bàa wà mọ́. Olùṣọ́ àrùn ní ìjọba ìbílẹ̀ rí i lójú ẹsẹ̀, iṣẹ́ kan sì bọ́ sí orí fóònù tirẹ̀: lọ wò ó. Láàbù rí i pé ẹ̀jẹ̀ ń bọ̀. Nígbà tí èsì bá jáde, ó lẹ̀ mọ́ nọ́ńbà yẹn. Tí ẹnìkan tí wọ́n ń ṣọ́ bá di aláìsàn, ètò náà á sọ ọ́ di aláìsàn, kò ní sí pé kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ́ láti orí dé ẹsẹ̀, àwọn tó fara kan án á sì so mọ́ ọn bí ẹ̀ka mọ́ igi.

Nígbà tí kòrónà dé ní 2020, wọ́n ti fi ojú ewé tirẹ̀ kún ètò náà. Ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n rí i lára rẹ̀ ní Nàìjíríà, ọjọ́ 27 oṣù kejì, jẹ́ ọmọ Ítálì tó gba Èkó wọlé lọ síbi iṣẹ́ ní Ewékorò ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ẹni kejì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó fara kan án, tí wọ́n sì ti ń ṣọ́ tẹ́lẹ̀. Ìwé orúkọ ló mú un.

Ibi tó pa mí lẹ́rìn-ín nínú ìtàn yìí rèé. Lọ́dún yẹn kan náà, ní Jámánì, ilẹ̀ tí wọ́n ti ń ṣe Mercedes, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ́fíìsì ìlera wọn tó tó 400 ń gba èsì kòrónà lórí fáàsì. Fáàsì o! Òṣìṣẹ́ á gba ìwé nínú ẹ̀rọ, á tún jókòó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ní ìparí ọdún 2020, Angela Merkel àti àwọn olórí ìpínlẹ̀ wọn fẹnu kò pé kí àwọn ọ́fíìsì náà bẹ̀rẹ̀ sí lo SORMAS. Ètò tí wọ́n dán wò ní Ọ̀yọ́ ni wọ́n ń bẹ àwọn ará Jámánì pé kí wọ́n gbà. Ọ̀pọ̀ lọ́ tìkọ̀. Mi ò dá wọn lẹ́bi pátápátá. Àwọn kan ti ní sọ́fítíwià tiwọn tẹ́lẹ̀, SORMAS kò sì tíì gbọ́ èdè rẹ̀, tó fi jẹ́ pé wọn ì bá máa kọ aláìsàn kan lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó ti rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kì í fẹ́ ṣe iṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun kan náà ń yọ wá lẹ́nu nílé. Ìròyìn oṣooṣù láti ilé ìwòsàn ń lọ sínú ètò kan tó ń jẹ́ DHIS2, tí wọ́n ṣe ní Yunifásítì Oslo. Ìròyìn àjàkálẹ̀ àrùn ń lọ sínú SORMAS. Láàbù lè ní tirẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan ní ìlú kékeré, ọ̀rẹ́ mi ni, sọ fún mi pé ọmọ kan tó ṣe onígbá méjì, ibi mẹ́ta ni òun ti kọ orúkọ rẹ̀, lọ́jọ́ kan ṣoṣo, láìsí iná. Ẹ wo nǹkan kékeré tó lè da gbogbo rẹ̀ rú: "03/04". Ṣé ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ni, àbí ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta? Bí ètò méjì kò bá fẹnu kò lórí ìyẹn, ọmọ tó ṣàìsàn lánàá á di ọmọ tó ṣàìsàn lóṣù tó kọjá, ẹnikẹ́ni kò sì ní dìde. Ìlànà wà tí gbogbo ayé ti fẹnu kò lé lórí fún irú èyí, FHIR ni wọ́n ń pe ọ̀kan nínú wọn. Ó kan wá ku kí ẹni tó ń ra sọ́fítíwià fún ìjọba béèrè rẹ̀ kó tó tọwọ́ bọ̀wé.

*Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́*

Èyí tó ká mi lára jù nìyí. Ní ọdún 2020, ẹnìkan ya fọ́tò ojú ìwé kan, ó sì fi sí ẹgbẹ́ WhatsApp àdúgbò wa. Orúkọ ni, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù àti ojúlé: àwọn tí wọ́n ń ṣọ́ nítorí kòrónà. Ìwé lásán ni, kò sí nínú kọ̀ǹpútà kankan. Mi ò ní dárúkọ ọ́fíìsì tó ti jáde. Obìnrin kan tó ń ta ẹ̀wà àgànyìn wà níbẹ̀, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Èsì rẹ̀ jáde lẹ́yìn náà pé kò ní nǹkan kan. Kò sẹ́ni tó ra ẹ̀wà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ó kó lọ kúrò ládùúgbò wa kí ọdún tó parí.

Ẹ jẹ́ ká bi ara wa. Lẹ́yìn èyí, tí òṣìṣẹ́ ìlera bá wá sí òpópónà wa tó béèrè pé, "Ta lẹ bá pàdé láti ọjọ́ márùn-ún sẹ́yìn?", ta ló máa sọ òótọ́? Orúkọ 894 yẹn wà nínú ìwé torí pé àwọn ènìyàn la ẹnu wọn, wọ́n sì dárúkọ ìyàwó, ọ̀rẹ́, ọmọ iṣẹ́. Ẹ̀rọ kò lè mọ ohun tí a kò sọ fún un. Ìdí nìyẹn tí ètò gidi fi dà bí àpótí aṣọ ìyá àgbà. Gbogbo ọmọ ilé mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń ṣí i. Nínú SORMAS, atọpasẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ rẹ ń rí àwọn tí wọ́n fi sí abẹ́ rẹ̀. Ẹni tó wà ní láàbù kò nílò láti mọ ẹni tí o bá jẹun. Ọ̀gá àgbà tó fẹ́ mọ iye aláìsàn lè rí iye láìrí orúkọ. Fọ́tò ìwé kò ní irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀.

Láti oṣù kẹfà ọdún 2023, òfin ààbò ìsọfúnni ti wà ní Nàìjíríà, ó sì ka ọ̀rọ̀ ìlera ènìyàn mọ́ ohun tó gba ìṣọ́ra jù lọ. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi èsì àyẹ̀wò ẹlẹ́gbẹ́ yín ránṣẹ́ pé "ẹ bá wa gbàdúrà fún un", ẹ rọra o.

Ó ku ẹyọ kan kí n tó jẹ́ kẹ́ ẹ lọ máa jẹun. Ní oṣù kìíní ọdún 2021, kòrónà mú èmi náà. Ọjọ́ kejì tí mo gba èsì, obìnrin kan pè mí, ohùn rẹ̀ tutù. Ó kí mi, ó béèrè bí mímí mi ṣe rí, ó wá ní kí n dárúkọ àwọn tí mo bá jókòó láti ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn. Mo dákẹ́. Ọ̀rọ̀ oníẹ̀wà ló wá sí mi lọ́kàn. Mo bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló máa rí orúkọ tí mo bá dá?" Ó ní, "Èmi, àti ẹni tó máa pè wọ́n. Ẹni tó bá pè wọ́n kò ní sọ pé ẹ̀yin ni."

Mo dárúkọ mẹ́rin.

Lọ́jọ́ kẹta, ọ̀kan nínú wọn pè mí tìbínú-tìbínú. Ó ní àwọn ìlera kan pe òun, wọ́n ní kí òun jókòó sílé kí òun sì lọ ṣe àyẹ̀wò, àti pé òun ti bẹ̀ wọ́n títí kí wọ́n sọ ẹni tó fi orúkọ òun sílẹ̀, wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Ó ní tí òun bá mọ ẹni náà, òun máa bá a jà. Mo ní ó mà ṣe o, ṣùgbọ́n kó ṣáà lọ ṣe àyẹ̀wò náà. Ó lọ. Ó ní i. Ìyá rẹ̀ tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ kò kó o, torí pé wọ́n ti yà wọ́n sí yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Títí dòní, kò mọ̀ pé èmi ni. Ó wà lára ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí o. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ kú ìsinmi.